Kí Ẹ Tó Ṣe Òfin Ìbọn Yẹn

Abà Ìdí-Ọ̀sán,
Ọ̀nà Lálùpọn.

Àkànbí ọmọ mi, ọkọ mi, olówó orí mi,

Akódà tó mú ìwé rẹ wá bá mi níbi tí mo ti ń sá èlùbọ́. Mo nu ọwọ́, mo kà á lórí ìdúró, mo sì tún jókòó kà á. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe akọ̀wé kóòtù! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìbá wù mí kí bàbá rẹ wà láyé kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọn ì bá ti dé fìlà wọn jáde láti lọ sọ fún gbogbo abà. Kí iṣẹ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí o má ṣe rí ìtìjú nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìwé rẹ kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa láti ìgbà náà. O ní àwọn ìjòyè àti Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ ṣe òfin lórí ìbọn ní gbogbo abà tó yí Ìbàdàn ká, àti pé ìwọ ni wọ́n ní kí o kọ́kọ́ kọ ohun tí òfin náà yóò sọ, kí wọ́n tó jókòó lé e lórí. O wá bi mí pé, "Ìyá mi, kí ni kí n kọ? Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa."

Ó kan ilé wa, ọmọ mi. Ẹ̀yìn mi lo wà nígbà náà, ohun tí o mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí tí àwọn èèyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ lọ. N ó sọ ọ́ fún ọ lónìí, láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí n kò rò pé mo lè kọ irú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Pa ilẹ̀kùn dé kí o tó máa kà á.

Nígbà tí ogun parí tí àwọn ọkùnrin padà sóko, wọn kò fi ìbọn sílẹ̀ sójú ogun. Wọ́n gbé e wálé. Kò sí ilé kan lábà wa tí ṣakabùlà kò kọ́ sára ògiri rẹ̀. Wọ́n fi ń lé ọ̀bọ nínú àgbàdo, wọ́n fi ń pa ẹran, wọ́n fi ń sìnkú àgbà. Èmi náà fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ gbé mi níyàwó, èmi ni mo ránṣẹ́ sí wọn pé bí ìbọn kò bá dún, n kò ní jáde kúrò nílé pásítọ̀ tó tọ́ mi dàgbà. Wọ́n yìn ín. Iná rẹ̀ jó ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó ń jó níwájú mi, ìka rẹ̀ kò sì nà mọ́ títí ó fi kú. A ní kò sí nǹkan kan, a ń bá ijó lọ. Ìwà èwe mi nìyẹn. Ohun tí ó bá ń dùn mọ́ gbogbo èèyàn, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ó ń pani.

Àyìnlá ẹ̀gbọ́n rẹ àti Òjó ọmọ abà kejì jọ dàgbà ni. Odò kékeré yìí náà ló pín abà wa àti tiwọn. Wọ́n jọ ń dẹ pàkúté, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan. Èmi àti ìyá Òjó, ọdún kan náà ni wọ́n gbé wa wọlé ọkọ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́, nítorí a kì í ṣe iṣẹ́ oko nílé pásítọ̀.

Ìjà wọn kò ju orí ìgalà kan lọ. Òjó yìnbọn fún un, kò kú, ó sá lọ. Ajá Àyìnlá ló rí i níbi tó ṣubú sí. Àyìnlá kun ún, ó fi itan kan ránṣẹ́ sí Òjó. Òjó ní kí ló dé tó fi jẹ́ Àyìnlá ni yóò máa pín ẹran tí òun pa. Nígbà tí wọ́n pàdé nídìí ẹmu lọ́jọ́ kejì, wọ́n bú ara wọn níṣojú èèyàn. Àyìnlá ní ọwọ́ Òjó ti ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó, ìdí nìyẹn tí ẹran fi ń ráyè sá fún un. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òjó dìde. Ó ní, "Àyìnlá, bí o bá tún sọdá odò yìí, n ó fi hàn ọ́ bóyá ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan sọ fún mi létí odò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ìyá Òjó gbọ́, ó ní bó bá sùn yóò gbàgbé. Bàbá Òjó gbọ́. Baálẹ̀ gbọ́. Gbogbo wa la gbọ́, kò sì sí ẹni tó dìde lọ gbé ìbọn yẹn kúrò lára ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àyìnlá fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ bẹ ọ̀rẹ́ òun. Ó gbé itan ìgalà kejì dání. Àbúrò bàbá rẹ bá a lọ, èyí tí èmi ń pè ní Adúmáadán, nítorí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n bá Òjó lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ti ki ìbọn sílẹ̀ nítorí ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo wọn, ó sì gbé e padà sára ògiri bẹ́ẹ̀. Òjó sọ ní kóòtù, ó sì tún sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pé òun fẹ́ dẹ́rù bà á ni, òun kò mọ̀ pé ọta wà nínú rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé e jáde, ó nà án sí i. Adúmáadán ní Àyìnlá rẹ́rìn-ín, ó gbé itan ẹran náà sókè, ó ní, "Òjó, ẹran rẹ rèé."

Ìbọn dún.

Wọ́n gbé e sọdá odò wá bá mi. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi sí i lẹ́nu, kò lè gbé e mì. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n na Òjó." Nínà, Àkànbí! Ó rò pé ọ̀rọ̀ nínà ni. Kí oòrùn tó yí, ó ti lọ.

Mo gbé gègé sílẹ̀ níbí yìí, mo lọ yí èlùbọ́ mi padà kí n tó tún jókòó.

Kí a tó wẹ̀ ẹ́ tán, àwọn ọkùnrin ilé wa ti kún àgbàlá pẹ̀lú ìbọn. Bàbá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì dí i. Wọ́n ní, "Èmi ni mo bí i. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbẹ̀san, èmi ni kó kọ́kọ́ yìnbọn fún."

Adúmáadán ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà fún mi. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín rèé lára ẹ̀wù mi."

"Mo rí i," bàbá rẹ dáhùn. "Bọ́ ọ, ká fọ̀ ọ́."

Ó bọ́ ọ, ó sì bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà kọjá. Bàbá Òjó fúnra wọn mú ọmọ wọn lọ bá Baálẹ̀, Baálẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. A gba ẹ̀wù lọ́wọ́ Adúmáadán, a kò gba ìbọn. Ó ń dá jẹun, ó ń dá sùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, a sì ń sọ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó pàdé ẹ̀gbọ́n Òjó lọ́nà oko, ẹni tí kò sí nílé rárá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó pa á. Ó sá wọ igbó lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá rẹ gbé sọ́kàn títí wọ́n fi kú. Wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á ṣàdédé ní, "Àní ẹ̀wù ni mo gbà."

Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọmọ mi, n kò kí ìyá Òjó. Bí mo bá rí i lọ́nà odò, mà á yà sínú igbó títí yóò fi kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ tirẹ̀ náà, ó sọdá wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, kò bá mi wí, kò bẹ̀ mí. Ó ní, "Ìyá Àyìnlá, èmi náà ti di ẹgbẹ́ rẹ báyìí."

Mo jókòó tì í. A sunkún títí tí àwọn ará ilé fi fi wá sílẹ̀ síbẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè náà. Ó ní, "Ṣé bó ti ń rí níbi gbogbo nìyí, àbí lọ́dọ̀ tiwa nìkan ni?" N kò mọ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ń ru èlùbọ́ lọ tà ní Lálùpọn, ní Ẹgbẹ́dá, nígbà mìíràn a máa ń dé Ṣáṣá. Ibikíbi tí a bá ti gbọ́ pé ìbọn pa èèyàn, a ó béèrè ilé ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀. A ó jókòó, a ó kọ́kọ́ sọ tiwa. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé ìyá ẹni tó kú àti ìyá ẹni tó pa á ló jọ jókòó sórí ẹní kan, wọ́n á sọ tiwọn náà. A ó wá bi wọ́n: Ta ló mú ìbọn? Níbo ni ìbọn wà kó tó mú un? Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá ọjọ́ náà? Ta ló ti gbọ́?

Mo rò pé olè àti ọ̀tá ni a ó máa gbọ́. A gbọ́ ti olè, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ ni, ọkọ ni, ọmọ ìyá ni, ẹni tí wọ́n jọ pààlà oko ni. Àwọn kan wà tí wọ́n yìnbọn fún nínú igbó, tí wọ́n rò pé ẹran ni. Obìnrin kan sọ fún wa pé ọkọ òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ara rẹ̀ ló kọjú ìbọn sí, lọ́dún tí iná jó oko kòkó rẹ̀. Ó ní, "Ká ní ìbọn náà kò sí nítòsí ni. Ó ti sunkún bẹ́ẹ̀ rí, ó sì sùn." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Níbi tó pọ̀ jù lọ, ìbọn ti wà ní kíkì lára ògiri, ẹnì kan sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle lánàá, tó ní yóò sùn gbàgbé.

A kó ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú Baálẹ̀ àtàwọn àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Láti ìgbà wo ni aláṣọ ìró ti ń kọ́ ọdẹ bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn?"

Ìyá Òjó kúnlẹ̀ dá a lóhùn. "Bàbá, a kò wá kọ́ yín bí ẹ ó ṣe mú un. Ibi tí ẹ ó gbé e sí la wá bẹ̀ yín lé lórí."

Wọn kò gbà lọ́jọ́ náà. Wọn kò gbà lọ́jọ́ mìíràn. Ọdún tí wọ́n tún sin ẹnì kan tí ìbọn pa ni wọ́n tó gbà. Mo kọ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ọ yìí, kí o mú èyí tó bá bá òfin yín mu. Má retí pé kí n tò ó dáadáa bí ìwé kóòtù.

Ìkínní, Àkànbí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí òfin yín ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó bá ní òun yóò yìnbọn fún ẹnì kan, ì báà jẹ́ àwàdà, ì báà jẹ́ ẹmu ló ń sọ ọ́, ní ọjọ́ náà gan-an ni kí àwọn ará ilé rẹ̀ gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé Baálẹ̀. Kì í ṣe ìjìyà. Bí inú rẹ̀ bá ti rọ̀, tí àwọn méjèèjì ti jọ jẹ obì, kó lọ gbé e. Ìyá ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá lè wá sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé ẹ ó ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé.

Èkejì, kí ìbọn kíkì má wọlé. Kí ìbọn wà níbìkan, kí ẹ̀tù wà níbòmíràn. Ìyá àgbà kan lábà wa ló ń tọ́jú ẹ̀tù gbogbo wa nínú ilé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣọdẹ yóò lọ gba èyí tó tó o. Inú èèyàn a máa bí, ṣùgbọ́n kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, kó tó kí i, kí ìyá tó béèrè ìyàwó àtọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbínú mìíràn á ti tutù.

Ilé ọ̀fọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹni tó pa èèyàn, ọlọ́pàá yóò mú un. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ẹ rán àgbà tí wọ́n fẹ́ràn sí wọn, kó bá wọn jókòó, kó gba ìbọn wọn pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, kó sì máa padà lọ wò wọ́n títí ọdún yóò fi yí po. Ẹni tó bá dákẹ́ jù ni kí ó wò jù. Bàbá rẹ ló kọ́ wa ní èyí.

Má sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọmọ ìjòyè sílẹ̀. Òfin tó bá mọ ojú, òfin kọ́ ni.

Lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ gan-an tí a kò sin ẹni tí ìbọn pa ní àwọn abà tó gbà á. Ìjà kò tán o. Wọ́n ń fọ́ ara wọn lórí, wọ́n ń bú ìyá ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fọ́ lórí máa ń jí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ tó kù yìí ló ṣòro fún mi jù láti kọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn kan wá láti ìgboro, wọ́n ní wọ́n rán àwọn láti gba ìbọn gbogbo oko. Wọn kò bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀tù wà nílé ìyá àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n da ilé rẹ̀ rú, wọ́n sì fa obìnrin arúgbó náà lọ bí ọ̀daràn. Ìbọn díẹ̀ ni wọ́n rí gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, kò sí ẹni tó gbà láti tọ́jú ẹ̀tù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kálukú kó tirẹ̀ wọlé. Ìbọn àti ẹ̀tù padà síbì kan náà, nínú koríko orí ilé, lábẹ́ ẹní, níbi tí ojú kò tó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kì í sílẹ̀, wọ́n ní bí àwọn yẹn bá padà wá, àwọn yóò mọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n fi wó o.

Bàbá Òjó wà lára àwọn tó kì í. Wọ́n ti darúgbó, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n tì í sábẹ́ koríko orí ilé, wọn kò sọ fún ìyàwó wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, iná igbó dé ẹ̀yìn ilé wọn, ó gun orí ilé. Gbogbo èèyàn ti jáde. Ìyá Òjó ní ewúrẹ́ òun wà nínú àgbàlá, ó sì padà lọ tú u. Èmi ń sáré bọ̀ láti odò pẹ̀lú omi lórí. Mo gbọ́ ìbọn. Mo rò pé ẹnì kan ń pe èèyàn sí iná ni. Àṣé ìbọn tó wà lórí ilé ni iná yìn.

N kò kọ̀wé sí ọ nígbà náà nítorí ìdánwò tí o ń múra sílẹ̀ fún. Òun ló kọ́ mi ní èlùbọ́. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè wọ ilé ọ̀fọ̀. Ẹni tó rìn káàkiri tó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe fi ìbọn kíkì sílẹ̀ ni ìbọn kíkì pa nínú ilé tirẹ̀, òun kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Àkànbí, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́. Bí o bá jókòó láti kọ òfin yẹn, má kọ èyí tí yóò mú kí àgbẹ̀ fi ìbọn pamọ́. Ọ̀bọ kò ka òfin; àgbẹ̀ yóò máa wá ìbọn. Ìbọn tí a rí la lè bẹ olówó rẹ̀ lé lórí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òfin tí a kò bi ará oko kí a tó ṣe é, ará oko náà ni yóò tú u ká. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n fún ọ láyè. Dìde lórí àga, wá sí abà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ti sin èèyàn, kí o bi wọ́n ní ohun tí a bi wọ́n. Bí wọn kò bá fún ọ láyè, kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò fún ọ, kí o má ṣe fi orúkọ rẹ sí ohun tí kò dá ọ lójú.

N kò ṣèlérí fún ọ pé wọn yóò gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbọ́. Èmi kò sì mọ̀ bóyá abà tiwa gan-an yóò tún gbà á. Mo ti lọ bá Baálẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú náà, wọ́n ní kí n ṣì máa lọ ná.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí Ọlọ́run tó fi ọ́ sílẹ̀ fún mi máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́.

Òjó ti jáde lẹ́wọ̀n tipẹ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Òun ló gbé ìyá rẹ̀ jáde nínú iná, òun ló gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá, ta ni yóò máa bá yín rìn báyìí?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè: ó fẹ́ rọ́pò ìyá rẹ̀. Ó ti ń bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti ìgbà náà, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù èlùbọ́ mi, yóò sì máa retí.

N kò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.